Ẹ Má Tú Ọ̀rá Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, kó kọ́kọ́ wọ yàrá ara rẹ̀ lọ, kó wo rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí tábìlì. Bí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù bá ṣì wà lára rẹ̀, kó rọra jókòó, kó má pariwo, ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Bí kò bá sí ọ̀rá lára rẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé ọmọ kékeré kan ló ya á, wọ́n sì ti na ọmọ náà. Ara wa la fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Adédiwúrà kàn ṣíwájú wa ni.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ìkòsì nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ọ̀rá Dọ̀tun ni wọ́n kọ sára géètì rẹ̀. Ọ̀rá tí àwọn ará Mile 12 bá ti kó ọjà kúrò nínú rẹ̀ tí wọ́n jù sílẹ̀, èyí tí omi gbé lọ sí Agboyi, èyí tí àwọn agbálẹ̀ ṣà ní Ketu, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Obìnrin mẹ́rìnlá ló ń ṣà á. Wọ́n á jókòó sórí àpótí yí òkìtì ká, wọ́n á máa ya funfun sọ́tọ̀, dúdú sọ́tọ̀. Wọ́n á wá fọ̀ ọ́ nínú kòtò omi ńlá kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, kí Felix tó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Nínú òkìtì yẹn, ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ ló ń bá a pàdé: ìgò fífọ́, abẹ́rẹ́, bíléèdì, agolo tó ti dípẹtà.

Ìyá Ràhmát ni olórí àwọn obìnrin náà. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í pa ìrun jẹ, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó kàn án gan-an, kì í sábà dá sí òun náà.

Ọ̀gá Sáfẹ́tì ni ilé-iṣẹ́ gba Ọ̀gá Adédiwúrà sí. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kéré lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wà lórí káàdì tó ń pín kiri ni: Ọ̀gágun Àgbà fún Ètò Ààbò, Àlàáfíà àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Gbogbo Òṣìṣẹ́, Ẹ̀ka Ìkòsì àti Agbègbè Rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì ní ẹ̀ka mìíràn. Àga ọ́fíìsì rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Bí ooru bá mú tí iná lọ, ọ̀rá náà á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bó bá wá fẹ́ dìde, á dún fàààà, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Báyìí ni àwọn obìnrin ṣe máa ń mọ̀ pé Ọ̀gá ń bọ̀, tí wọ́n á sì yára tún ojú ṣe.

Lọ́jọ́ kan, Alága ilé-iṣẹ́, tó ń gbé ní Magodo, fi ọkọ̀ kó páálí márùn-ún ránṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ róbà tó nípọn ló wà níbẹ̀, àti bàtà róbà, akoto, ìbomú, pẹ̀lú awò ńlá tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, wọ́n ń dán gbinrin. Ọ̀gá Adédiwúrà wò wọ́n, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì sójú ọ̀nà àbáwọlé. Ó tò wọ́n sínú rẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń to àwo, ó tì í pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó wá pe gbogbo ilé-iṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Ọ̀gá na ọwọ́ méjèèjì. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé, ta ló ti fojú kan ààbò rí? Àwọn baba wa gbọ́ ọ lórúkọ lásán. Ẹ̀yin, ẹ wò ó! Ó wọ ọ̀rá! Ó ń dán! Ẹni tó bá tú ọ̀rá yìí, ọ̀tá ìlọsíwájú ni, mi ò ní fojú ire wò ó. Bí àlejò pàtàkì bá dé lọ́la, ṣé ìbọ̀wọ́ tó dọ̀tí lẹ fẹ́ kí wọ́n bá?"

"Rárá o!" Gbogbo wọn dáhùn. Ìyá Ràhmát ló pariwo jù. Ta ló fẹ́ kí àlejò bá ohun tó dọ̀tí?

Felix nìkan ló nawọ́. "Ọ̀gá, awò ojú yẹn, mo nílò ẹ̀ o. Bí mo bá ti ń da ọjà sí machine, ó ń ta sí mi lójú."

"Felix, ṣé ojú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ọ́ ni, àbí kọ́bọ́ọ̀dù mi ló ń dùn ọ́?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ààbò kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀. Ohun tí à ń wò ni. Láti òní lọ, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo yín á dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yìí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó lè wọ̀ yín lára."

Ẹ má ṣe bú wọn. Wọ́n ń dúró. Láràárọ̀ ni obìnrin mẹ́rìnlá ń tò níwájú gíláàsì, tí wọ́n ń wo ìbọ̀wọ́ bí ẹni ń wo òkú ọba. Bó bá di Mọ́ńdè, Ìyá Ràhmát á gbàdúrà sí i: "Ọlọ́run, dáàbò bo ọwọ́ wa." Wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á ní "Ẹ káàárọ̀ o" fún kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á sì lọ ki ọwọ́ lásán bọ òkìtì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni bọ́ọ̀dù kan wà tí Ọ̀gá ń fi ẹfun kọ iye ọjọ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fara pa. Iye náà kì í dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ènìyàn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ń run ún.

Bí oṣù bá sì parí, ìwé kan wà tí Ìyá Ràhmát máa ń fọwọ́ sí. Ìwé mẹ́fà ló kà nílé-ìwé, ṣùgbọ́n ó lè ka èyí dáadáa: "Mo jẹ́rìí pé gbogbo àwọn obìnrin gba ìbọ̀wọ́, wọ́n sì ń lò ó lójoojúmọ́." Kí ló dé tó ń fọwọ́ sí i? Ẹ jẹ́ ká má fi pamọ́ fún ara wa. Ọ̀gá máa ń pè é ní Alhaja ni. "Alhaja wa, ìyá àdúrà, ẹ bá wa tọ́wọ́ bọ̀wé." Ìgbà tí Ìyá Ràhmát sún mọ́ Mẹ́kà jù láyé rẹ̀ ni ọjọ́ tó sin ìyàwó lándílọ́ọ̀dù wọn dé pápákọ̀ òfúrufú ní Ìkejà. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn dùn létí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣáájú ọkàn rẹ̀ dé orí ìwé. Ìgbà ọgbọ̀n ló fọwọ́ sí i, nínú ọdún méjì ààbọ̀.

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù pé 907 ni Àpèkẹ́ lọgun. Àpèkẹ́ ló kéré jù nínú àwọn obìnrin náà. Ìyá Ràhmát ló mú un wá síbi iṣẹ́, torí ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Ketu. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ òkìtì, ọrùn ìgò fífọ́ kan sì wọ̀ ọ́ látẹ́lẹwọ́ dé ìdí àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí ọ̀rá funfun tí wọ́n ti ṣà. Ìyá Ràhmát tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà pinpin.

Fàààà, láti ọ́fíìsì. Ọ̀gá yọ.

"Kí ni gbogbo ariwo yìí?"

"Ìgò ló gé Àpèkẹ́ lọ́wọ́, sà," Ìyá Ràhmát wí.

"Gé e bí i báwo? Lórí ọjọ́ 907 mi?" Ọ̀gá na ìka sí bọ́ọ̀dù. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n padà sórí òdo ni? Kò sẹ́ni tí ìgò gé lọ́wọ́ níbí. Ẹ kọ ọ́ pé ó rẹ̀ ẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ń..."

"Àárẹ̀ mìíràn máa ń ní ẹ̀jẹ̀ nínú."

Àpèkẹ́ gbójú sókè, ètè rẹ̀ ti funfun. "Sà, ṣé kí n bẹ ẹ̀jẹ̀ náà kó dúró de àlejò ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín fín-ín. Ìyá Ràhmát ní "Ṣíọ̀, Àpèkẹ́, ọ̀gá ẹ ni o," bó ṣe ń di ìborùn náà le sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ náà wú bí búrẹ́dì. Ilé ìwòsàn kan ní Gbàgádà ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà ibẹ̀ ní bó bá tún pẹ́ ọjọ́ méjì sí i, ọ̀rọ̀ gígé ni wọn ì bá máa sọ. Ó bi í pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe tí kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó kọ èsì rẹ̀ sínú lẹ́tà, lẹ́tà náà dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì náà sì kọ̀wé sí Ọ̀rá Dọ̀tun pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ọ̀gá Adédiwúrà pe Ìyá Ràhmát wọlé. Àga tó fún un náà wà nínú ọ̀rá, ó ń yọ̀ lábẹ́ ìdí rẹ̀.

"Alhaja wa," ohùn Ọ̀gá rọ̀ bí òwú, "ìwé kékeré kan rèé. Ẹ kà á."

Ó kà á. Wọ́n ní wọ́n fún Àpèkẹ́ ní ìbọ̀wọ́, ó kọ̀ ọ́, ó ní ó ń mú òun lóoru, nítorí náà ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ìyà. Ìyá Ràhmát, olórí àwọn obìnrin, jẹ́rìí sí i.

"Bí mo bá fọwọ́ sí èyí ńkọ́, sà?"

"Ilé-iṣẹ́ bọ́ nínú ọ̀ràn nìyẹn. Kò ní sí pé à ń tọ́jú ọwọ́ ẹnikẹ́ni ní Gbàgádà. Àpèkẹ́ á sì lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn, torí a kì í fi aláìgbọràn sílé."

"Ẹ jẹ́ kí n fi àdúrà sí i, sà."

"Ẹ fi sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́bọ̀ o."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ra ọsàn mẹ́fà, ó yà sí yàrá Àpèkẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n fi báńdéèjì wé e títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àpèkẹ́ ń fi ọwọ́ òsì tiraka láti tẹ fóònù. Fóònù náà wà nínú ọ̀rá.

"Mummy, Felix ní Ọ̀gá ń sọ pé mo kọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ wo? Èyí tí à ń kí káàárọ̀ yẹn?"

Ìyá Ràhmát bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i."

"Mi ò tíì fọwọ́ sí i."

"Tíì." Àpèkẹ́ wo ògiri. "Ẹ kú 'tíì' o, Mummy."

Kò jẹ nínú ọsàn náà.

Nígbà tó kírun Ìṣáì tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Ràhmát tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú láti tọrọ. Kò rí nǹkan tọrọ. Àpá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó kà wọ́n: méje. Ọdún méjì ààbọ̀ ló fi bẹ Ọlọ́run pé kó dáàbò bo ọwọ́ àwọn. Ọlọ́run sì gbọ́. Kí àdúrà tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló ti kó ìbọ̀wọ́ mẹ́rìnlá ránṣẹ́. Òun, ìyá àdúrà, ló ń bá wọn jẹ́rìí sí àgádágodo.

Ọjọ́bọ̀ pé. Láti aago méje ni Ọ̀gá ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó pín ohun gbogbo fún àwọn obìnrin, ó fún Felix ní ti Àpèkẹ́, ó sì ń rìn lẹ́yìn wọn. "Ẹ wọ̀ ọ́ tọ̀rá-tọ̀rá o! Ẹ má tú u! Lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, mo fẹ́ gbà á padà bí mo ṣe fún yín!"

Wọ́n wọ̀ ọ́ tọ̀rá-tọ̀rá. Ọ̀rá wà lára bàtà, ọ̀rá wà lára ìbọ̀wọ́, akoto wà nínú ọ̀rá lórí wọn bí iṣu tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀, á dún bí ìgbà tí ewúrẹ́ mẹ́tàlá ń jẹ ewé gbígbẹ. Èyí tó burú jù ni awò ojú. Ẹni tó bá wò láti inú ọ̀rá awò náà, gbogbo ayé á dà bí ìgbà ọyẹ́. Rasheedat, ọ̀kan nínú wọn, rí ohun kan tó ga tó dúdú níwájú, ló bá kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, mà." Jẹnẹrétọ̀ ni.

Àlejò gan-an ò ga, kò sì dúdú. Madam Cecilia ni wọ́n pè é, obìnrin kúkúrú tó gbé báàgì kan dání. Alága tó ti Magodo wá ló tẹ̀lé e. Bí Madam Cecilia ṣe wọlé, ó jókòó, ó yọ bàtà róbà tirẹ̀ nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́. Bàtà náà ti ha, ó ti gbó, ẹrẹ̀ oríṣiríṣi ló wà lára rẹ̀. Àánú ṣe Ọ̀gá Adédiwúrà. Ó rọra sọ fún Ìyá Ràhmát pé, "Ẹ ò rí i? Ìjọba ò tiẹ̀ lè ra tuntun fún un."

Ó wá gba ààrin agbo. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí.

"Madam ọlọ́lá, Alága wa, òpómúléró tí ń gbé Ìkòsì ró! Ẹ wo àwọn ènìyàn mi! Ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á ra ìbọ̀wọ́ lónìí, á ya lọ́la. Tèmi ńkọ́? Ọdún méjì ààbọ̀, Madam! Ẹ wá ibì kan ṣoṣo tó ha, ẹ ò ní rí i. Ẹ wá ẹrẹ̀, ẹ ò ní rí i. Èmi Adédiwúrà, mo fi ẹ̀mí mi ṣọ́ ọ, láti ọjọ́ tó ti dé, kò sí ọmọ ìyá ẹni tó tú ọ̀rá ọ̀kan rí nínú wọn!"

Ó dúró de àtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ọ̀rá dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀.

Madam Cecilia ṣí fáìlì. Yorùbá rẹ̀ já gaara. "Ẹ ṣeun, sà. Kí ló wá dé tí ìwé oṣooṣù fi sọ pé wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́?"

Ọ̀gá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Alága yí ojú sí i díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ sí àwọn ìwé yìí?"

Ìyá Ràhmát bọ́ awò ojú kí ó lè rí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀rá bàtà dún, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ. "Èmi ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ìgbà ọgbọ̀n."

"Alhaja wa!" Ọ̀gá kígbe. "Ẹ rántí ara yín o!"

"Mi ò dé Mẹ́kà rí, sà." Ó yà á lẹ́nu pé ohùn òun lọ sókè. "Alhaja kọ́ ni mí. Mà, irọ́ ni mo fọwọ́ sí ní gbogbo ìgbà ọgbọ̀n yẹn. Àpèkẹ́ ò kọ ìbọ̀wọ́. Kò sẹ́ni tó fún un. Kò sẹ́ni tó fún ẹnikẹ́ni nínú wa títí di aago méje àárọ̀ yìí." Ó yọ ìwé Ọ̀gá láti abẹ́ ìborùn. Ibi tó yẹ kó tọwọ́ bọ̀ ṣófo. "Èyí náà, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mi ò fọwọ́ sí i."

"Irọ́!" Ọ̀gá fò sókè. "Èmi fúnra mi, Ọ̀gágun Àgbà, mo máa ń wọ̀ ọ́, mo sì máa ń wọ inú iṣẹ́! Ẹ wò mí!" Ó gba bàtà lẹ́sẹ̀ Felix, ó kó o sẹ́sẹ̀, tọ̀rá-tọ̀rá. Ó gba awò ojú, ó fi í sójú. Ó yan bí sójà, ó dorí kọ ibi tó rò pé òkìtì ọ̀rá wà.

Kòtò omi ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ etí rẹ̀ sì kún fún ọṣẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ̀, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀lé e kó má baà di pé ó dá nìkan lọ, Ọ̀gá Adédiwúrà bá balẹ̀ sáàrin ọ̀rá àná, gbaùn! Omi náà mù ún dé àyà.

"Ẹ fà mí o! Mò ń kú o!"

Obìnrin mẹ́tàlá sáré dé etí kòtò. Wọ́n na ọwọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn fà á padà.

"Ọ̀gá, ìbọ̀wọ́ á dọ̀tí o," Rasheedat wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. "Ẹ ní ẹ fẹ́ gbà á padà bí ẹ ṣe fún wa."

Felix ìbá tiẹ̀ fà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà lára ìbọ̀wọ́ yọ̀ bí ẹja àrọ̀, Ọ̀gá tún rì padà. "Oga, no vex," Felix ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ọ̀rá yìí ò jẹ́ kí ọwọ́ mi di nǹkan mú. Ṣé ká tú u?"

"Ẹ tú u!" Ọ̀gá pọ omi ọṣẹ dànù. "Ẹ ya á! Ẹ ya gbogbo ẹ̀ dànù!"

Ariwo ọ̀rá yíya tó sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó wà ní títì gbọ́ ọ. Madam Cecilia wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀: aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ láṣẹ láti lo ohun ààbò fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀ ni Alága ti ní kí Ọ̀gá máa lọ ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní àga òun. Wọ́n fún un. Ó rù ú jáde ní géètì, ọ̀rá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Felix ló pa bọ́ọ̀dù rẹ́, ó kọ òdo sí i.

Ìyà tí Ìyá Ràhmát jẹ nínú ọ̀ràn náà ni pé wọ́n yọ ọ́ nípò olórí. Kò jà. Ilé-iṣẹ́ tọ́jú ọwọ́ Àpèkẹ́ títí ó fi jinná, wọn kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kejì ló padà wọlé. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò ká mọ́. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì àti eyín wọ ìbọ̀wọ́, ó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin méjìlá ló wọ ìbọ̀wọ́ dúdú. Ẹ̀kẹtàlá ń fi ọwọ́ lásán ṣa ọ̀rá.

"Mummy Ràhmát, ìbọ̀wọ́ yín ńkọ́?"

"Ó wà."

"Níbo?"

Ìyá Ràhmát kọ́kọ́ ṣa ọ̀rá méjì sí i. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ó yọ ọ̀rá dúdú jáde. Inú ọ̀rá dúdú ni ọ̀rá funfun wà. Inú ọ̀rá funfun ni ìbọ̀wọ́ wà, nínú ọ̀rá tirẹ̀ tó bá a wá. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tí gbogbo ayé ń ya tiwọn, òun nìkan ni kò ya tirẹ̀.

"Mo ní kó má tètè dọ̀tí ni," ó wí, ojú ń tì í.

 Àpèkẹ́ gbà á, ó fi eyín ya ọ̀rá kìíní, ó ya èkejì, ó ya ẹ̀kẹta, ó tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òórùn róbà tuntun gba inú afẹ́fẹ́. Ó mú ọwọ́ Ìyá Ràhmát, àpá méje, ó kì í bọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ ilé-ìwé.

"Bísímílláhì," Ìyá Ràhmát wí, ó ki ọwọ́ bọ òkìtì.

Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi gún un láti ìsàlẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ. Ìdí ìgò ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ̀jẹ̀ kò sí. Ìlà funfun gígùn kan ló wà lójú róbà náà, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́.

"Háà!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Àpèkẹ́, wò ó. Ó ti ha!"

Àpèkẹ́ wo ìlà náà. Ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀.

"Kó máa ha, Mummy," ó wí. "Kó máa ha."